Èlùbọ́ Kubwa: Àkọsílẹ̀ Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Nínú Ẹgbẹ́ Olóúnjẹ Wa ní Abuja

Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá díẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan nígbà tí ohùn náà wọlé sórí fóònù mi. Kò ju ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ lọ. Àǹtí kan nínú ẹgbẹ́ wa, tó ń gbé ní Lugbe, ló ń sọ̀rọ̀, inú sì ń bí i gan-an. Ó ní òun ro àmàlà fún àlejò, àmàlà náà funfun, ó ń fà, ó sì ń kan lẹ́nu. Ó ní láfún ni wọ́n pò mọ́ èlùbọ́ tóun rà. Ó sọ ẹni tó tà á fún òun, màmá kan ní Kubwa tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ bíi tiwa, ó sì pè é ní olè. Àwòrán abọ́ àmàlà kan tẹ̀ lé ohùn náà.

Mo gbọ́ ọ tán. Mo ní kílẹ̀ mọ́ ká tó dá sí i, mo sì sùn. Ọ̀kan ni mí nínú àwa mẹ́ta tó ń bójú tó ẹgbẹ́ náà, nítorí náà àṣìṣe àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ mi ló ti wá. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé mo mọ̀ pé irú ẹgbẹ́ wa pọ̀ káàkiri òkè ọya, irú ọ̀rọ̀ yìí sì lè dé bá wọn lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹgbẹ́ tó jẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kó kúrò l'Ékòó wá sí Abuja lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, ọ̀pọ̀ Yorùbá ló ti bá iṣẹ́ ìjọba dé ìlú yìí láìní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kankan nítòsí. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni, èdè Hausa la sì fi ń ná ọjà níbi tó pọ̀. Ẹni tó bá wọ ọjà Dutse tó ń béèrè ewédú lè rìn títí kó má rí i, bẹ́ẹ̀ ó ti kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ayoyo ni wọ́n ń pè é. Irú di dadawa. Ewé osè tí àwọn ará Ilọrin fi ń se lúrú di kuka. Kóńgò di mudu. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà, mo rò pé kò sí ewédú ní ìlú yìí, àfi ọjọ́ tí mo rí i lórí ilẹ̀ níwájú ìyá Hausa kan, tútù yọ̀yọ̀, tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ìgbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 ni ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ni òfin náà mú Abuja, Èkó àti Ògùn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹnìkan ní Gwarinpa kọ ọ́ sórí WhatsApp àwọn ará àdúgbò rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní irú nílé?" Aládùúgbò kan tí kò mọ̀ rí so irú wooro sínú ọ̀rá, ó fi kọ́ ẹnu géètì rẹ̀, ó ní kó wá mú un. Ìyẹn ni ìpìlẹ̀. Ẹnìkan fa ẹnìkan wọlé títí a fi lé ní igba, láti Kubwa dé Nyanya, láti Lugbe dé Mararaba tó ti bọ́ sí ìpínlẹ̀ Nasarawa. WhatsApp kò gbà ju ènìyàn 256 lọ nínú ẹgbẹ́ kan nígbà náà. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di 512, tí wọ́n tún sọ ọ́ di 1,024, nínú ọdún 2022, àwọn kan ní ká ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. A ò gbà. Inú mi dùn títí dòní pé a ò gbà.

Kí la máa ń ṣe níbẹ̀? Oúnjẹ ni. Ẹni bá ro àmàlà á ya àwòrán rẹ̀. Ẹni bá rí ewé eéran lọ́jà á sọ ọjà tó ti rí i àti iye tí wọ́n pè é. Àwọn Ìjẹ̀bú á gbé ìkọ́kọ́rẹ́ wá, àwọn Èkìtì á ní kò sóhun tó ń jẹ́ oúnjẹ lẹ́yìn iyán, àwọn ará Ọ̀yọ́ á sì dá wọn lóhùn títí ẹnìkan á fi rántí pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Ohùn la máa ń gbà sílẹ̀ jù, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn màmá wa kò fẹ́ràn kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Ohùn yẹn ló sọ wá di ẹbí. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tí wọ́n bí sí Garki, tó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ sọ ọ́ nítorí pé wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Màmá kan ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìjábẹ̀ já ewédú, ó gbé fóònù sún mọ́ ìkòkò kí ọmọ náà lè gbọ́ bó ṣe ń dún, ṣà, ṣà, ṣà. Lọ́jọ́ kejì ọmọ náà fi ohùn tirẹ̀ ránṣẹ́. Yorùbá ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Hilda Baci ń dáná l'Ékòó tọ̀sán-tòru, a kò sùn nínú ẹgbẹ́ wa. Wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ni Guinness World Records fọwọ́ sí fún un níkẹyìn. A hó, a jó, a bá a gbàdúrà, àwọn kan gbààwẹ̀ fún un bí ẹni pé ọmọ wọn ni. Mo rò nígbà náà pé ìṣọ̀kan wa ti dé góńgó. Ìdùnnú wa jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò ná ẹnikẹ́ni nínú wa ní ohun kan ju dátà lọ. A ò tíì mọ ohun tí a máa ṣe bí ọ̀kan nínú wa bá dìde sí èkejì.

Oṣù náà gan-an ni ọ̀rọ̀ èlùbọ́ ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, owó ọkọ̀ sì fò sókè. Èlùbọ́ lílọ̀ ni Màmá Kubwa máa ń kó wá láti Òkè-Ògùn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó ọkọ̀ di ohun tí kò ṣeé fẹnu sọ, ó yí ọwọ́ padà. Gbódò ló bẹ̀rẹ̀ sí í rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé e gba ọ̀nà Kwara wá, ó sì ń lọ̀ ọ́ ní Kubwa níbí. Ẹ mọ gbódò: iṣu tí wọ́n ti bó, tí wọ́n bọ̀ lómi gbígbóná tí kò hó, tí wọ́n jẹ́ kó sùn sínú omi náà, tí wọ́n wá sá sóòrùn fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi gbẹ tó ń dún bí igi. Màmá ní gbódò dára ju lílọ̀ lọ nítorí pé ojú lásán lèèyàn fi ń rí i bí kòkòrò bá ti wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni. Ohun tí kò rò ni ẹ̀rọ tí yóò máa lọ̀ ọ́.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Kí n tó jí, ohùn àǹtí Lugbe ti kúrò lọ́dọ̀ wa. Mo rí i nínú ẹgbẹ́ àwọn òbí ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi. Mo rí i nínú ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àmì tó ń sọ pé wọ́n ti fi ránṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà ti hàn lórí rẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2020 ni WhatsApp ti ṣe é pé ohun tó bá ti ní àmì yẹn, ibì kan ṣoṣo lèèyàn lè fi ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ń dín ìrìn rẹ̀ kù, kì í dá a dúró. Ẹni tó bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ síbi mẹ́wàá á kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Àǹtí Lugbe fúnra rẹ̀ pa á rẹ́ lọ́dọ̀ wa láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí ọkàn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa nìkan ló ti parẹ́. Àwọn tó ti lọ ti lọ. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. N kò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó àfi ọjọ́ náà.

Mo rántí ọdún 2014, nígbà ìbẹ̀rù Ebola, tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ lóru pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí wọ́n sì mu ún kílẹ̀ tó mọ́. Ìyá mi pè mí láago mẹ́rin ìdájí. Mo wẹ̀ ẹ́. Ìròyìn gbé e lẹ́yìn náà pé àwọn kan mu ún dé ilé ìwòsàn. Ohun tó bá ti kan ẹnu àti ikùn, ìbẹ̀rù ló máa ń gbé e sáré, kò sì sẹ́ni tó ń dúró béèrè ibi tó ti wá.

Nínú ẹgbẹ́, nǹkan ti bàjẹ́. Àwọn kan ní àwọn náà ti ń fura tẹ́lẹ̀. Àwọn kan gbèjà Màmá, wọ́n ní ìgbéraga ló ń da àǹtí Lugbe láàmú. Ọ̀rọ̀ di ìlú sí ìlú, ẹnìkan bú àwọn Ọ̀yọ́, ẹnìkan bú àwọn Ìjẹ̀bú. Ènìyàn mọ́kànlá jáde kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó ilé kan tó ti fún Màmá ní owó àsansílẹ̀ fún èlùbọ́ ìkómọ ní kó dá owó òun padà. Ó dun Màmá ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí òun ló bá obìnrin náà ru omi nígbà tó wà nínú oyún.

Màmá kì í tẹ nǹkan sórí fóònù. Ọmọ rẹ̀ ló gbé ohùn náà fún un gbọ́. Ohun tó fi ránṣẹ́ sí wa kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti gbọ́. Ẹ gbé èlùbọ́ náà bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ká jọ rò ó, ká jọ jẹ ẹ́." Ó tán. Kò bú ẹnikẹ́ni.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo pe àǹtí Lugbe lórí fóònù, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá wa dé Kubwa." Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n bú òun nílé ẹlòmíràn. Mo ní ìtìjú tó wà níbẹ̀, a ó jọ pín in ni, torí èmi náà gbọ́ ọ mo sì sùn. Ó gbà.

Mẹ́sàn-án la lọ. Àǹtí Lugbe gbé èlùbọ́ tirẹ̀ dání nínú ike rẹ̀, bó ṣe rà á. Màmá tẹ́ ẹní sí iwájú ilé. Iná méjì, ìkòkò méjì, omi láti inú garawa kan náà. Obìnrin tó dàgbà jù láàárín wa, ọmọ Ìsẹ́yìn, ló ro ìkòkò méjèèjì kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọwọ́ ló yàtọ̀. Omi hó, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó da èlùbọ́ sí i, ó fi orógùn rò ó títí kókó fi tán, ó wọ́n omi díẹ̀ sí i, ó dé e, ó gbé e padà sórí iná kéékèèké. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣí àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n bù nínú àpò Màmá, ó dúdú, ó ń dán, òórùn iṣu gbígbẹ ló jáde. Ó ṣí èkejì, ti àǹtí Lugbe. Ó rí bí eérú. Ó funfun ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ó sì ń bá orógùn fà.

Màmá na ọwọ́. Ó gé díẹ̀ nínú èyí tó funfun, ó fi í sórí ahọ́n, ó pa ẹnu dé. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Láfún wà níbẹ̀."

Mi ò ní gbàgbé. Ọwọ́ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ni ẹ̀rí ti jáde. Àǹtí Lugbe fẹ́ sọ nǹkan, kò lè sọ ọ́, ó kàn jókòó. Èlùbọ́ kan náà, ọjà kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà, kí ló dé tí ọ̀kan fi dúdú tí èkejì fi funfun?

Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Jabi ló rí ọ̀nà. Ó ní ká wo àwòrán. Gbogbo wa la máa ń ya àwòrán oúnjẹ, ó sì ti di ohun tí àwọn ọkọ àti ìyàwó wa fi ń dá wa lágara nílé pé oúnjẹ ń tutù. Ó lọ sẹ́yìn nínú ẹgbẹ́, ó ṣa gbogbo àmàlà tí wọ́n gbé wá ní ọ̀sẹ̀ náà, ó ń béèrè lọ́wọ́ onílé kọ̀ọ̀kan ọjọ́ tó rà á. Ènìyàn méje ló ti ra èlùbọ́ lọ́wọ́ Màmá lọ́sẹ̀ náà, wọ́n sì gbé àwòrán wá. Márùn-ún dúdú. Méjì funfun. Ọ̀kan nínú méjì yẹn, arákùnrin kan ní Dutse Alhaji, kò tilẹ̀ fura. Ó kàn kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé ìyàwó òun kò rò ó dáadáa lónìí. Nígbà tí a bi í, òun àti àǹtí Lugbe ló ra èlùbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn oníbàárà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tí Màmá lọ gbódò tuntun. Àwọn márùn-ún yòókù rà á lọ́sàn-án tàbí lọ́jọ́ kejì.

A dìde, a tẹ̀ lé Màmá lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Ọkùnrin Nupe kan ló ni ẹ̀rọ náà. Màmá fi Hausa bi í ní ohun tó lọ̀ kó tó lọ gbódò òun lọ́jọ́ Ajé. Ọkùnrin náà ronú díẹ̀, ó ní láfún ni, àpò kan, ti ìyá kan tó ń tà á ní ọjà Kubwa. Ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ fún wa. Ìyẹ̀fun funfun ṣì so mọ́ ara irin nínú lọ́hùn-ún, ó nípọn bí èékánná. Ohun tó bá kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá ló máa gbé e jáde. Mudu bíi mélòó kan àkọ́kọ́ ló bá láfún lọ, àwọn yòókù mọ́. Màmá kò yọ́ ohunkóhun pò, àǹtí Lugbe náà kò sì parọ́. Kò sẹ́ni tó ro ibi sí ẹnìkejì rẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ ènìyàn ti di ohun tí wọ́n ń gbé kiri ìlú.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò gùn. Màmá dá owó àwọn méjèèjì padà, wọ́n kọ̀, ó ní àfi kí wọ́n gbà á. Láti ọjọ́ náà, mudu kan gbódò ló fi ń ṣan ẹ̀rọ ná, ó sì ń gbé ìyẹn lọ sílé ara rẹ̀. Àǹtí Lugbe jókòó sórí ẹní Màmá níbẹ̀, ó gba ohùn tuntun sílẹ̀, ó gùn tó ti àkọ́kọ́, ó ṣàlàyé ẹ̀rọ, ó ṣàlàyé láfún, ó tọrọ àforíjì. A bẹ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé ibi tí wọ́n bá gbé ti àkọ́kọ́ dé, kí wọ́n gbé èyí dé ibẹ̀. Àwọn kan ṣe é. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò ṣe é, torí pé ó máa ń ti èèyàn lójú láti padà síbi tó ti sọ̀rọ̀ láìdáa.

A fi òfin kan lélẹ̀: ẹni tí oúnjẹ tí ó rà kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó kọ́kọ́ bá olùtajà sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kó bá ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta sọ̀rọ̀, kó sì tọ́jú oúnjẹ náà. Inú ẹnìkan nínú wa, nọ́ọ̀sì ni, kò dùn sí i. Ó ní a fẹ́ máa bo àwọn olùtajà lójú, pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ta epo pupa tí wọ́n fi àró pa láró, àwọn ènìyàn á ti jẹ ẹ́ tán kí àwa tó parí ìpàdé. Ó jiyàn náà dáadáa, ó sì tọ̀nà. A tún òfin náà ṣe nítorí rẹ̀: bí ó bá jẹ́ ohun tó ń fa èébì, ìgbẹ́ gbuuru tàbí àìsàn kankan, kó sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àmọ́ kó sọ ohun tó jẹ àti ohun tó ṣe é, kó má pe ẹnikẹ́ni ní olè.

Nínú àwọn mọ́kànlá tó jáde, mẹ́jọ ti padà. Obìnrin ìkómọ yẹn wá sí Kubwa fúnra rẹ̀, ó gbé ọmọ dání, Màmá sì gba ọmọ náà pọ̀n kó tó sọ̀rọ̀ kankan. Nísinsìnyí, lọ́jọ́ Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, a máa ń pàdé níwájú ilé Màmá, ẹni bá lè wá á wá. Ogún ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀. Àwọn àwòrán tí a ń yà ti dín kù lọ́jọ́ náà, ọwọ́ ń dí.

Ṣùgbọ́n ohùn àkọ́kọ́ yẹn kò tíì kú. Ní oṣù tó kọjá, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Ìbàdàn fi í ránṣẹ́ sí mi, àmì pé wọ́n ti fi ránṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà ṣì wà lórí rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú èlùbọ́ tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ yín o." Mi ò kọ èsì. Mo pè é. Mo ní kó jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀rọ ọkùnrin Nupe náà.